Ẹ̀yìn Nìkan Ni, Àbí Ká Pín In? Ìfiwéra Ọ̀nà Dídi Ẹrù Sórí Kẹ̀kẹ́ Ìrìn Àjò Láti Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn àjò kúrò l'Ékòó, ì báà jẹ́ Badagry ló ń lọ, ì báà jẹ́ Ẹ̀pẹ́ tàbí Abẹ́òkúta, irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó rà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ ohun tó máa pinnu bóyá ara á tù ú lójú ọ̀nà, àti bóyá sípóòkù ò ní já mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé Ìfọ̀, ni ibi tó di ẹrù rẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ kan náà, ẹrù kan náà, ẹni kan náà ló gùn ún: ẹ ṣáà ṣí ẹrù yẹn nípò, kẹ̀kẹ́ á yàtọ̀ lọ́wọ́ yín pátápátá.

Màá ti sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó kà jìnnà. Bí ẹrù bá ti ju kílò 12 lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ pín in, kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, kí iwájú náà gbé tirẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ló kù tí màá ṣàlàyé, àti àwọn tí ìmọ̀ràn yẹn ò bá mu, torí wọ́n pọ̀.

Ohun tí táyà kọ̀ọ̀kan ń gbé

Bí èèyàn bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò láìdi ẹrù kankan, táyà ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Iwájú ń gbé 40 tó kù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wọn kílò 75, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílò 15. Ẹni yẹn gbé 45 lé ẹ̀yìn, ó gbé 30 lé iwájú. Ká pín kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Ẹ̀yìn di 52 ààbọ̀, iwájú di 37 ààbọ̀.

Ẹ wá gbé ẹrù kílò 20 kọ́ káríà ẹ̀yìn. Àpò ẹ̀gbẹ́ kì í sábà wà ní déédéé họ́bù, ìyẹn àárín táyà níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé, torí gìgísẹ̀ yín á máa gbá a bí ẹ bá ń wa pẹ́dà. A máa ń sún un sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ká sọ pé ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 sún sẹ́yìn, kí ọ̀nà tó wà láàárín họ́bù méjèèjì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 105. Kì í ṣe 20 ni táyà ẹ̀yìn máa gbà níbẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ 22 ni, torí gbogbo ohun tó bá yọ sẹ́yìn họ́bù ń gbé orí kẹ̀kẹ́ sókè, ó sì ń mú nǹkan bíi kílò 2 kúrò lára iwájú.

Bó ṣe máa rí nìyí ní kílò, tí mo bá sún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí odidi tó sún mọ́ ọn jù (fóòkù ni ọwọ́ méjì tó di táyà iwájú mú):

| Bí a ṣe di ẹrù kílò 20 | Táyà ẹ̀yìn | Táyà iwájú | Ìdá nínú 100 |
|---|---|---|---|
| Gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn | 74 | 36 | 68 sí 32 |
| 12 lẹ́yìn, 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòkù | 66 | 44 | 60 sí 40 |
| 8 lẹ́yìn, 5 níwájú, 7 nínú fíréèmù | 65 | 45 | 59 sí 41 |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Ẹrù kílò 20 ti wọlé, síbẹ̀ ìpín tó wà láàárín ẹ̀yìn àti iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà nígbà tí kò sí ẹrù. Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò ń lé kiri nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wúwo, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé bó ṣe ń rìn.

Ẹ lè wọn tiyín nílé. Ẹ wá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, irú èyí tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Ẹ gbé táyà kan lé e, ẹ fi pákó tó ga bákan náà sábẹ́ táyà kejì, kí ẹ fara ti ògiri, ẹ gun kẹ̀kẹ́ bí ẹ ṣe máa ń gùn ún lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan bá yín ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà kí ẹ wọn táyà kejì. Àyẹ̀wò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì dáa ju kí ẹ máa fi ojú díwọ̀n.

Kíkó gbogbo ẹrù sẹ́yìn

Àǹfààní rẹ̀ ò kéré. Kò ná yín lówó púpọ̀, torí káríà kan àti àpò méjì péré lẹ máa rà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọlé ló ní ihò bóòtù tí káríà ẹ̀yìn máa wọ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gbé káríà wọn wá láti òkè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè Èrò lọ sí Ìkòròdú, àpò méjì lẹ máa yọ, ẹ so wọ́n pọ̀ kọ́ èjìká kan, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé kẹ̀kẹ́ wọlé. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́. Ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú gó-sílóò, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó gbọ́dọ̀ gba àárín dánfó méjì kọjá ní Ojúẹlẹ́gbà.

Orí afárá ni àléébù rẹ̀ ti máa ń fara hàn. Èkó ò ní òkè. Afárá ni òkè tiwa. Bí ẹ bá ti Ìddó gun Carter Bridge pẹ̀lú kílò 20 lẹ́yìn, tí ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà kí agbára lè jáde, iwájú á fúyẹ́ jù, kẹ̀kẹ́ á máa ya sọ́tùn-ún ya sósì, nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yín. Bí ẹ bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, eré á pọ̀, ìdí kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa gbọ̀n láti dá a lóhùn. Ẹni tí èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí máa rò pé kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ já sí méjì. Atẹ́gùn òkun tó máa ń fẹ́ lọ́sàn-án tún máa ń dá kún un, torí ẹ̀gbẹ́ ló ti ń kọlù yín lórí afárá. (Third Mainland ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Kìlómítà 11 ó lé, ọkọ̀ ń sáré àsápajúdé, kò sí àyè fún kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹ má dán an wò.)

Ọ̀rọ̀ sípóòkù ló dùn mí jù. Táyà ẹ̀yìn ló ti ń gbé èyí tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ṣéènì ń fà. Sípóòkù tó wà ní apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, dúró ṣánṣán ju ti apá òsì lọ, wọ́n sì ti fà á le jù ú lọ. Apá ọ̀tún yẹn ló sábà máa ń já. Ibẹ̀ náà ló nira jù láti tún ṣe, torí àfi kí ẹ kọ́kọ́ tú jíà kúrò, irinṣẹ́ tó ń tú jíà kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Bí rímù yín bá ní sípóòkù 36, ẹ ní àyè díẹ̀. Bó bá jẹ́ 32, ẹ ṣọ́ra. Bó bá jẹ́ rímù kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ní 20 tàbí 24, ẹ má gbé ẹrù lé e rárá, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kòtò kan tó jinlẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry ti tó láti bà á jẹ́.

Ìrìn àjò orí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọlábísí Àjàlá wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952. Nílé níbí, àwọn ẹlẹ́mu ti fi hàn wá bí a ṣe ń di ẹrù wúwo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé e: kẹ́ẹ̀gì kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n á jẹ́ kó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n á fi rọ́bà túùbù fà á mọ́ra títí tí kò fi ní mì. Wọn kì í to kẹ́ẹ̀gì sórí káríà bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹmu ń mì nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹrù tó bá sì ń mì lókè máa ń fa kẹ̀kẹ́ ṣubú. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn nìkan lẹ bá máa lò, ẹ ṣe bí ẹlẹ́mu: ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí àwọn ohun tó wúwo fara mọ́ rímù, kí orí káríà gba àwọn nǹkan fífúyẹ́ bí ẹní àti aṣọ nìkan.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ra káríà kì í wo iye ìwúwo tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ káríà ẹ̀yìn tó dáa ni wọ́n kọ kílò 25 sí. Èyí tí wọ́n ń dì mọ́ ọ̀pá ìjókòó nìkan, tí kò ní ẹsẹ̀ tó kàn sísàlẹ̀, kì í sábà gbà ju kílò 10 lọ. Kò yẹ fún ìrìn àjò.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn á kúkú gbé ẹrù náà kọ́ ẹ̀yìn ara wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn á làágùn, èjìká á ro yín, ìdí á sì máa gbé ìwúwo àpò mọ́ ti ara yín. Ẹrù náà tún wà ní ibi tó ga jù lọ lórí kẹ̀kẹ́. Àpò omi kékeré kò burú, kó mọ síbẹ̀.

Pínpín in sí ẹ̀yìn àti iwájú

Èyí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń gbé àgọ́, oúnjẹ àti ohun èèlò ìdáná dání. Àpò méjì lẹ́yìn, àpò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòkù níwájú, pẹ̀lú àpò kan lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún fóònù, owó àti ìwé.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ gùn ún, ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á wúwo. Ẹ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á dà bíi pé ẹ̀ ń bá a jiyàn. Nínú gó-sílóò tí ẹ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, yóò fẹ́ ṣubú sí apá tí ẹ bá yí i sí. Ẹ fún un ní ìwọ̀n àárọ̀ kan. Tí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọn-in, atẹ́gùn tí ọkọ̀ ńlá ń fẹ́ bó ṣe ń kọjá ò ní lè tì í sí kòtò, ẹ ó sì lè gun afárá láìjẹ́ pé iwájú ń fò. Ara á balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Láti Pápáláńtò sí Abẹ́òkúta níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè lọ sísàlẹ̀, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú apá yín.

Ibi tí ẹ gbé káríà iwájú sí ló ṣe pàtàkì jù. Irú méjì ló wà. Èyí tó rẹlẹ̀ máa ń jẹ́ kí àárín àpò wà ní déédéé họ́bù. Èyí tó ga wà lókè táyà, bíi káríà ẹ̀yìn. Èyí tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ mú. Tí ẹrù bá ga níwájú, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ń yí mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ á sì rí ohun dì mú. Ìgbà kan ṣoṣo tí èyí tó ga dáa ni ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ àti igbó lẹ máa gbà, níbi tí àpò ìsàlẹ̀ á ti máa kọ́ igi àti òkúta. Ní ojú ọ̀dà, bó ti wù kó bàjẹ́ tó, èyí tó rẹlẹ̀ ló ṣe é gbára lé.

Kí lẹ máa kó síwájú? Àwọn nǹkan kéékèèké tó wúwo: gaàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, irinṣẹ́, túùbù, sítóòfù kékeré. Àwọn nǹkan tó tóbi tó sì fúyẹ́ ni kí ẹ kó sẹ́yìn: aṣọ, ẹní, àwọ̀n ẹ̀fọn, àgọ́. Omi ṣòro díẹ̀ torí lítà kan jẹ́ kílò kan, ẹ sì ń mu ún bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá gbé lítà 3 sí àpò ọ̀tún iwájú, láàárọ̀ ó dọ́gba, ní ọ̀sán ọ̀tún ti fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òsì láìjẹ́ pé ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà àárín fíréèmù ni kí omi wà, kó máa dínkù láìda nǹkan kan rú. Níwájú, kí ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì má ju ìdajì kílò lọ. Ẹ̀yìn lè fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àpò orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ju kílò 2 tàbí 3 lọ.

Owó ló kọ́kọ́ ń dí èèyàn lọ́wọ́ nínú ọ̀nà yìí, torí káríà méjì ni, àpò mẹ́rin ni. Ìdíwọ́ kejì ni fóòkù. Fóòkù irin tó ní ihò bóòtù ní ẹ̀gbẹ́ àti nísàlẹ̀ ni káríà iwájú ń fẹ́. Fóòkù tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí táyà bá wọ kòtò, irú ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, kì í sábà ní in. Fóòkù kábọ́ọ̀nù, ẹ má di nǹkan mọ́ ọn, àfi tí ẹni tó ṣe é bá sọ pé ó gba ẹrù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn wẹ́dà ti wọlé. Ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní Mushin, ẹ ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó ihò méjì mọ́ fóòkù yìí," wọ́n á sì ní, "Kò le, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá." Iṣẹ́ wọn dára, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n irin fóòkù kẹ̀kẹ́ tó dáa tinrin gan-an, iná tó ń jó géètì máa sọ ọ́ di aláìlágbára, bí fóòkù bá sì ṣẹ́ lórí eré, ojú lẹ máa fi gúnlẹ̀. Ẹ fi kíláàmù tó ní rọ́bà nínú di káríà mọ́ ọn dípò. Káríà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bá yín jó. Bí káríà irin bá ṣẹ́ ní Badagry, wẹ́dà tó wà nítòsí á jó o ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Bó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù, ọ̀pọ̀ wọn ò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó ra káríà irin, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀.

Inú fíréèmù

Kẹ̀kẹ́ orí òkè tòkunbọ̀ tí fóòkù rẹ̀ ń rọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní l'Ékòó, torí òun ló fara da kòtò wa. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ káríà iwájú. Fún un, àpò tó wọ inú igun mẹ́ta fíréèmù ló dáa jù. Kò sí ibòmíràn lára kẹ̀kẹ́ tó dára tó ibẹ̀ láti gbé ohun tó wúwo: ó wà láàárín, ó rẹlẹ̀, kì í jù, fíréèmù ló sì di í mú. Omi, irinṣẹ́, bátìrì àti oúnjẹ ni kí ẹ kó síbẹ̀. Ẹ wo ìlà kẹta nínú àtẹ òkè yẹn, ẹ ó rí i pé kílò 7 nínú fíréèmù fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ara rẹ̀ sí méjì láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan sí i.

Àyè rẹ̀ ló kéré. Àpò fíréèmù kì í gba ju nǹkan díẹ̀ lọ, bó bá sì wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúnkún yín á máa kàn án ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa pẹ́dà. Àwọn tó ń lo ọ̀nà yìí máa ń fi àpò gígùn kan kún un lábẹ́ ìjókòó. Aṣọ nìkan ni kí ẹ kó sínú ìyẹn. Bí ẹ bá kó ohun wúwo sí i, á máa jù bí ìdí ẹran, á sì máa gún yín nítan. Fún ìrìn àjò ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìgbé àgọ́, tí ẹ ó máa sùn sí ilé ẹbí tàbí òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà yìí tó, ó sì tún mú kí kẹ̀kẹ́ rọrùn gbé lọ sórí ọkọ̀ ojú omi ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ.

Tírélà kékeré tí kẹ̀kẹ́ ń fà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí ẹrù bá ti ju kílò 30 lọ, tírélà lè gbé e láìfi ìyà jẹ táyà ẹ̀yìn yín. Oní-táyà kan ń tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ nínú àyè tóóró. Oní-méjì dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Nínú ìgboro Èkó, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fa èyíkéyìí. Ọ̀kadà á gba àárín yín kọjá láìrí i, gọ́tà á gbé táyà rẹ̀ mì, ẹ ò sì ní lè gbé e gun afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú tó ń lọ sí ìta ìlú lè rò ó.

Bí kò bá sówó àpò

Kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 tó ti ṣófo ni ọ̀nà àbáyọ tó dára jù tí mo mọ̀. Omi ò lè wọ ìdí rẹ̀, ó le, ó wà ní ọjà gbogbo. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ gé òkè rẹ̀ ní apá mẹ́ta, kí apá kẹrin ṣì so mọ́ ọn láti máa ṣe ìdérí. Ní ẹ̀yìn tó máa kọjú sí táyà, ẹ dá ihò mẹ́rin. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan sínú kí bóòtù má baà ya rọ́bà náà, ẹ fi wáṣà ńlá sí i, kí ẹ so ìkọ́ irin méjì tó máa gbé e kọ́ káríà mọ́ ọn. Nísàlẹ̀, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù fà á mọ́ ẹsẹ̀ káríà. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ìgbàgbé yẹn ló sì ń jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì fò kúrò tí táyà bá wọ kòtò. Kẹ́ẹ̀gì kan wọn nǹkan bíi kílò kan lófìfo, nítorí náà ẹ kà á mọ́ ẹrù. Ti onílítà 10 ló bá iwájú mu.

Nínú oṣù kẹfà àti keje tí òjò ń rọ̀ gan-an, kẹ́ẹ̀gì yìí ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ju àpò aṣọ tí ẹ fi làílọ́ọ̀nù wé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń ti Yábàá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gbé aṣọ ìpààrọ̀ àti ẹ̀bùn díẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ti tó o. Kó rà káríà irin, kó di ẹrù rẹ̀ bí ẹlẹ́mu.

Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ orí òkè tí fóòkù rẹ̀ ń rọ̀, inú fíréèmù ni kó kọ́kọ́ kún, kó tó wá gbé ohun fífúyẹ́ lé káríà ẹ̀yìn. Bí ẹrù rẹ̀ bá ṣì ju kílò 15 lọ lẹ́yìn èyí, ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó da díẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ irin, rímù onísípóòkù 36, fóòkù tó le gbọn-in, tó sì fẹ́ gba Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó sì kọjá síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, pínpín ni. Mi ò rí ìdí kankan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa fi ìyà jẹ táyà ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá wúwo ju kílò 90 lọ, kó tètè pín ẹrù rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ kílò 8 péré, torí ìwúwo ara rẹ̀ ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ wo gìgísẹ̀ yín bí ẹ ṣe ń wa pẹ́dà. Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò máa ń ní sẹ̀ǹtímítà 44 sí 46 láàárín ojú ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí lára fíréèmù àti họ́bù ẹ̀yìn. Ti kẹ̀kẹ́ eré ìje jẹ́ bíi 41, àpò á sì máa gbá yín nígìgísẹ̀.

Ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn le ju ti iwájú lọ, kí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10 sí 15 PSI lórí géèjì fọ́kánáísà. Ẹ ní kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, torí ọkọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà fún, túùbù kẹ̀kẹ́ sì lè bẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí fáàfù yín bá jẹ́ irú tín-ín-rín yẹn, ẹ mú adápítọ̀ rẹ̀ dání, torí ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà kò ní in.

Ẹ fún gbogbo bóòtù káríà le, ẹ lo nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, kí ẹ tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn kìlómítà 20 àkọ́kọ́, torí ojú ọ̀nà wa ń mì wọ́n tú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di ẹrù pátá, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo di í mú fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ má fún bíréèkì iwájú lójijì. Ẹ fi orúnkún tẹ ọ̀pá òkè fíréèmù mọ́ra, kí ẹ sì rọra fi bíréèkì ẹ̀yìn dín eré kù, á dúró. Ẹ padà sílé, ẹ mú kílò 2 láti ẹ̀yìn wá síwájú tàbí sínú fíréèmù, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan wà lórí káríà tó ń mì, kí ẹ tún jáde lọ gùn ún wò.